Ìpápánu Inú Ọ̀rá: Ìròyìn Kò Tó Àtọ́wò

Iyọ̀ àti oyin ni ọmọ Yorùbá fi ń kọ́kọ́ mọ adùn ayé. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àgbà yóò mú iyọ̀, yóò pè é ní iyọ̀, yóò fi wúre, yóò sì fi kan ọmọ náà lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni àwo yóò kárí, tí tọmọdé tàgbà yóò tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe oyin. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ó wà nínú àṣà yìí. Ohun, orúkọ ohun àti adùn ohun, ojú kan ni wọ́n ń gbé. Kò sí àgbà tí yóò bu omi sínú àwo, tí yóò wá pè é ní oyin.

Nínú ìpápánu inú ọ̀rá tí ó gbòde lónìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pínyà. Ẹni tí ó bá dé ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà, tàbí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, tàbí ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Àkúrẹ́ àti Òṣogbo, yóò rí wọn ní oríṣiríṣi àwọ̀. Àwòrán adìẹ wà lára òmíràn, àlùbọ́sà wà lára èkejì, ata wà lára ẹ̀kẹta. Ọmọ yóò já ọ̀rá, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò lá ìka, yóò sì ní adìẹ ni òun jẹ. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ rẹ̀ bá ní kí ó ka ohun tí a kọ sẹ́yìn ọ̀rá náà, ó ṣeé ṣe kí ó kà á dé òpin láìbá ẹran adìẹ pàdé.

Àtọwọ́dá ni adùn yìí. Bí wọ́n bá ti dín ọ̀dùnkún tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo tán, wọn a bu èròjà lẹ́búlẹ́bú lé e lórí: iyọ̀, ṣúgà, àlùbọ́sà gbígbẹ, àti àwọn nǹkan mìíràn tí a pò pọ̀ kí òórùn rẹ̀ lè jọ ti ohun tí wọ́n fẹ́. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọgbọ́n yìí di òwò ni Joe Murphy, ará ilẹ̀ Ireland, tí ó dá ilé-iṣẹ́ Tayto sílẹ̀ ní 1954, tí ó sì ta ọ̀dùnkún díndín tí ó ní adùn wàràkàṣì àti àlùbọ́sà. Láti ìgbà náà ni àwọn onílé-iṣẹ́ ti ń bá ara wọn díje. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Walkers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé adùn tuntun mẹ́fà síwájú ará ìlú kí wọ́n tọ́ wọn wò, kí wọ́n sì dìbò. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹran ọ̀kẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ rárá. Ọdẹ Ìjẹ̀ṣà tí ó mọ bí ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń rí lẹ́nu ì bá fi í rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé ọgbọ́n náà burú látòkè délẹ̀. Ní 1908, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda, ará Japan, yọ ohun tí ń mú ọbẹ̀ dùn jáde láti inú ewéko òkun. Òun ni ó di ohun tí àwọn aláṣè ń pè ní Ajinómótò. Ẹ̀yà adùn yìí náà ni ó wà nínú irú wooro àti irú pẹ̀tẹ̀, tí àwọn ìyá ń sè, tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí òórùn rẹ̀ tó jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó fi irú sọ́bẹ̀ kì í pè é ní adìẹ.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé jù ni ìpékeré. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àgbagbà ni àgbẹ̀ sì fi ń ṣíji bo ọmọ kòkó nínú oko. Ìpékeré tí a fi àgbagbà dúdú ṣe a máa le, a máa dún lábẹ́ eyín, iyọ̀ a sì tètè hàn lára rẹ̀. Èyí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń pọ́n bọ̀ ṣe ní ṣúgà lára. Ó tètè ń pupa nínú òróró, ó ń dùn wọra, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rọ̀. Àwọn kan ń fi ata gígún sí i, àwọn mìíràn ń fi atalẹ̀. Ata tí ó bá mọ níwọ̀n kì í bo adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀. Atalẹ̀ tí ó bá pọ̀jù a máa mú un korò. Síbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Nígbà tí ìpékeré wà lórí àtẹ, oníbàárà yóò ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò,” ìyá yóò sì fi ẹyọ kan lé e lọ́wọ́. Ọ̀rá ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. A kò lè dá ọ̀rá lẹ́bi, nítorí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ni í mú ìpékeré rọ̀, eruku títì kò sì dára fún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, aṣọ tí ojú rí, tí ọwọ́ sì kàn, ni wọ́n ń gbé fún oníbàárà kí wọ́n tó padà wá lóṣòó gba owó. Níbi tí àtọ́wò kò bá ti sí mọ́, ọ̀rọ̀ ara ọ̀rá ni ẹnu oníṣòwò.

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe owó nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bí ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan, ti inú ọbẹ̀ àti ti inú ìpápánu lápapọ̀. Àpọ̀jù iyọ̀ a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nítorí irú èyí ni NAFDAC, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ṣe ń fẹ́ kí nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀, àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti àwọn èròjà inú rẹ̀, láti orí èyí tí ó pọ̀ jù lọ, hàn lára ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpékeré tí a fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu ọ̀rá rẹ̀ kò ní lẹ́tà kan lára. Ọ̀rọ̀ náà wá di méjì: ti ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣàsọdùn níwájú, ó ń sọ òtítọ́ lẹ́yìn, ti ilé jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe ìpékeré, róbó tàbí àádùn kọ ohun tí ó fi ṣe é àti ọjọ́ tí ó ṣe é sára ọ̀rá, kí òtítọ́ ọjà rẹ̀ lè fọhùn. Ó yẹ kí olùkọ́ mú ọ̀rá ìpápánu wọ kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó gba iwájú gbọ́. Ti àwọn àgbà ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ tọ́ adìẹ, irú àti àgbagbà gan-an wò nílé, kí ahọ́n rẹ̀ lè ní òṣùwọ̀n. Ọmọ tí a fi iyọ̀ kàn lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí a sì pè é ní iyọ̀ fún un, kò yẹ kí ó dàgbà tán kí ó má mọ ohun tí òun ń jẹ.