Ìnáwó Àsìkò Ooru: Ẹ Ṣọ́ Oúnjẹ Àlejò

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kánò, láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Karùn-ún, ooru ìlú yìí kì í ṣe kékeré. Ìrẹsì tí a sè lálẹ́, tó sùn sínú kúlà, lè di májèlé. Bí a tún un gbé kaná, májèlé náà kì í kú. Ẹ jẹ́ kí alásè dáná láàárọ̀ ọjọ́ ìnáwó. Oúnjẹ tó ti tutù, tó lò ju wákàtí 1 lọ níta, ẹ má gbé e fún àlejò.

Ìsápá pupa pọ̀ lọ́jà wa. Ẹ fi omi tó mọ́ sè é ní sóbò, ẹ fi atalẹ̀ sí i, kí ẹ sì to yìnyín yí ìkòkò rẹ̀ ká; owó rẹ̀ kò tó ti ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ̀yẹ wa kò sí nínú àṣẹ́kù oúnjẹ. Kí àlejò délé láìsí inú rírun ni ẹ̀yẹ.