Kẹ̀kẹ́ Inú Ilé àti Òṣùwọ̀n Agbára

Ẹni tó bá mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń há ní Dùgbẹ̀ kò ní bi wá léèrè ìdí tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá nínú ilé. Ìbéèrè tiwọn ni pé: báwo ni a ṣe ń mọ̀ bí iṣẹ́ náà bá tó?

Ìṣirò tó gbajúmọ̀ ni kí a yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Ẹni ọdún 40 yóò rí 180; bí ọkàn rẹ̀ bá ń lù ní ìgbà 90 sí 126 ní ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń lo atenolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré púpọ̀. Bí wọ́n bá ń lé 126, wọ́n lè lo ara wọn kọjá agbára.

Òṣùwọ̀n Gunnar Borg, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni mo fara mọ́: 6 ni ìsinmi, 20 ni ibi tí agbára pin sí. (Ọkàn tó ń sinmi lè máa lù ní ìgbà 60, ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀rẹ̀ láti 1.) Láàárín 12 sí 14, ènìyàn lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọrin.

Dókítà wọn fọwọ́ sí i. Inú ìwé àjákọ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: ọjọ́, ìṣẹ́jú, nọ́ńbà. Ìṣẹ́jú 20 tó jẹ́ 15 fún wọn ní oṣù tó kọjá ti di 12 báyìí, bẹ́ẹ̀ a kò dẹ kẹ̀kẹ́ náà rárá.