Kíkó Ọmọ Lọ fún Ìsinmi Lórí Odò Àgbẹ́

Ojú tí òbí kan fi ń wo ìsinmi ọmọ kọ́ ni òbí mìíràn fi ń wò ó. Àwọn kan gbà pé bí ọmọ bá ti jẹun, tí ó sùn, tí ó sì ṣeré títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó ti sinmi tó. Àwọn mìíràn gbà pé ìsinmi tí kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun, owó tí a sọ sínú odò ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìsinmi kan wà tí ó pa méjèèjì pọ̀: kí òbí àti ọmọ háyà ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa gbé inú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ ara wọn tù ú lórí odò tí ènìyàn gbẹ́. Ní tèmi, ìsinmi yìí dára fún ọmọ púpọ̀, bí àwọn òbí bá lè ṣe ohun méjì: kí wọ́n fún ọmọ ní iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká, kí wọ́n má sì fi ojú kékeré wo omi.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí odò àgbẹ́ jẹ́. Kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá. Ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ kí ọkọ̀ ẹrù lè rí ọ̀nà gbà. Ní ọdún 1761 ni wọ́n ṣí odò àgbẹ́ Bridgewater, tí wọ́n ń gbà kó èédú láti Worsley lọ sí Manchester. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbẹ́ òmíràn káàkiri ilẹ̀ náà. Ẹṣin ni ó ń fi okùn fa ọkọ̀, tí ó sì ń rìn lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó wà létí omi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, òwò orí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, títí ọ̀pọ̀ odò wọ̀nyí fi di ẹrẹ̀ àti koríko. Ní 1946 ni àwọn tí wọ́n fẹ́ràn wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbà wọ́n là. Àjọ Canal & River Trust, tí ó gba iṣẹ́ náà ní 2012, ni ó ń tọ́jú nǹkan bí 2,000 máìlì nínú wọn. Báyìí ni ọ̀nà èédú ṣe di ọ̀nà fàájì.

Ọkọ̀ tí a ń wí yìí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ lè tó 70. Ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó háyà rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ ìwakọ̀; àwọn tí wọ́n ni ọkọ̀ ni yóò kọ́ ọ bí a ti ń darí rẹ̀. Máìlì 4 ní wákàtí kan ni eré tí òfin gbà fún un mọ. Ẹnì kan lè wí pé, "Èéṣe tí n ó fi san owó kí n lè máa rìn bí ìgbín?" Àwọn àgbà ti dá a lóhùn pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tí ó jókòó sínú mọ́tò ń rí igi bí ẹni pé wọ́n ń sá lọ. Ọmọ inú ọkọ̀ yìí ráyè ka iye ọmọ tí pẹ́pẹ́yẹ kó sẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí ó dùn mọ́ ọmọdé jù ni ti yàrá omi. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n mọ yàrá onílẹ̀kùn sójú odò. Bí ọkọ̀ tí ń gòkè bá wọlé láti ìsàlẹ̀, wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọn yóò fi irin títẹ̀ kan yí ìdérí ihò omi sókè, omi láti òkè yóò sì rọ́ wọlé, yóò máa gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi lè ṣí ilẹ̀kùn kejì. Lẹ́bàá ìlú Devizes, irú yàrá bẹ́ẹ̀ 29 ni ó wà ní Caen Hill. Ẹnì kan yóò di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú, ẹnì kan yóò ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan yóò mú okùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá bàbá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ńlá náà mọ̀ dájú pé òun wúlò, ìmọ̀ yìí kò sì sí fún títà lọ́jà.

A lè bi mí pé: ǹjẹ́ a kò máa sọ ọmọ di alágbàṣe? Ìbéèrè yìí tọ́, nítorí ìtàn odò wọ̀nyí ní apá kíkorò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba òwò lọ́wọ́ àwọn atukọ̀, owó wọn dínkù, ọ̀pọ̀ wọn sì kó aya àti ọmọ wá sínú ọkọ̀ láti máa ṣiṣẹ́ láìgba owó. Gbogbo ilé ń sùn nínú yàrá kan tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Àwọn ọmọ ń da ẹṣin láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọ̀pọ̀ sì dàgbà láìmọ ìwé kà, nítorí ọkọ̀ kì í pẹ́ ní ìlú kan. George Smith pariwo ọ̀ràn náà títí ìjọba fi ṣe òfin ní 1877, tí wọ́n sì tún fi agbára kún un ní 1884. Kí òbí má gbàgbé èyí. Iṣẹ́ tí ń kọ́ ọmọ ní òpin, ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, eré sì wà lẹ́yìn rẹ̀; iṣẹ́ tí ń jẹ ọmọ run kò ní òpin. Bí a bá ti rìn fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́, kí a so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ọmọ lọ ṣeré.

Ọ̀ràn kejì ni omi fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, odò àgbẹ́ kò jìn ju ibi tí àgbàlagbà lè dúró sí, ṣùgbọ́n yàrá omi jìn, omi rẹ̀ sì tutù. Ìpele òkúta kan wà lábẹ́ omi nídìí ilẹ̀kùn òkè. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì há sórí òkúta yìí, ọkọ̀ lè rì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ọ̀dà sàmì sára ògiri, kí atukọ̀ má ṣe jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ wà lẹ́yìn àmì náà. Ní Pontcysyllte ní Wales, lórí afárá tí wọ́n ṣí ní 1805, odò ń kọjá lókè àfonífojì ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 126, kò sì sí irin ìdènà ní apá kan rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni kí ọmọ kékeré wà níbẹ̀. Kí ọmọ wọ ẹ̀wù agbéniléfòó ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà níta. Kí ó má sáré létí omi. Kí ó má na ẹsẹ̀ sáàárín ọkọ̀ àti ògiri. Kí ó sì fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, nítorí ìtọ̀ eku inú omi ń fa àrùn. Òbí tí kò bá lè mú kí ọmọ rẹ̀ pa òfin wọ̀nyí mọ́, kí ó dúró di ìgbà tí ọmọ náà bá gbọ́n sí i.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ní Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà sí ohun tí a ń wí, nítorí odò àgbẹ́ Regent, tí wọ́n parí ní 1820, ń gba àdúgbò wọn kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má wí pé ọ̀ràn omi kì í ṣe tiwa: láti kékeré ni ọmọ Ìlàjẹ ti ń kọ́ bí a ti ń tukọ̀ lọ́wọ́ àgbà.

Ìsinmi tí gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́ rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ láti gba yàrá omi kan kọjá ti kọ́ pé agbára gbọdọ̀ ní ìṣọ́ra, àti pé iṣẹ́ ilé kì í ṣe ti bàbá àti ìyá nìkan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lo ìsinmi rẹ̀ lásán.