Iná Ọkọ̀ Tó Ń La Ọ̀nà fún Ẹnìkan, Tó Ń Fọ́ Ẹlòmíràn Lójú

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Awakọ̀ tó ń rìnrìn òru kò ní ojú mìíràn ju iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ lọ, pàápàá lójú ọ̀nà tó ti Ìsẹ́yìn gba Ìpàpó lọ sí Ọ̀tù, níbi tó jẹ́ pé òkùnkùn ni láti ìlú kan dé èkejì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Igi rẹ̀ kò dí, ojú a sì máa ríran jìnnà. Kí a tó gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni a ti máa ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Nígbà kan rí, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà a máa fara jọ ti ìyeyè. Lóde òní, ó ti di funfun báláú tó ń gún ni lójú. Gílóòbù LED ti ń gba ọjà mọ́ halogen lọ́wọ́, ìbéèrè tí àwọn awakọ̀ sì ń bi ara wọn ni pé èwo ló dára jù fún ìrìn òru.

Èmi gbà pé LED dára ju halogen lọ, bí ó bá jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni ó ti bá ọkọ̀ náà wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. Ohun tí à ń rà ni gílóòbù LED tí a ń tì bọ inú ilé iná tí a ṣe fún halogen. Èyí kò dára, kò sì yẹ kí a gbà á láyè mọ́. Halogen tí a tọ́jú, tí a sì darí rẹ̀ bó ti yẹ, sàn jù ú lọ fún gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà.

Halogen kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1962 ni ó kọ́kọ́ wọ inú iná iwájú ọkọ̀ ní Yúróòpù. Nígbà tó di 1971, irú èyí tí à ń pè ní H4 jáde, òun sì ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó ń ná Ìbàdàn sí Òkè-Ògùn títí di òní. Okùn tín-ín-rín kan tí a fi irin tungsten ṣe ni iná mànàmáná ń mú gbóná títí yóò fi máa tàn. Atẹ́gùn inú gíláàsì rẹ̀, tí iodine tàbí bromine wà nínú rẹ̀, ni kì í jẹ́ kí okùn náà tètè jẹ tán. Ọ̀nà àbùkù rẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń gbà, ooru ló ń fi í ṣe. H4 kan ń gba wáàtì 55 nígbà tí a bá rẹ iná sílẹ̀, nǹkan bí lumen 1,000 péré ló sì ń mú jáde. Lumen ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, bí kóńgò ṣe jẹ́ òṣùwọ̀n àgbàdo lọ́jà wa.

LED kò ní okùn tó ń gbóná. Èérún kékeré kan ni, tí iná mànàmáná ń là kọjá tó sì ń di ìmọ́lẹ̀. Onímọ̀ mẹ́ta tí a bí ní Japan, Akasaki, Amano àti Nakamura, ni wọ́n rí ọ̀nà àti ṣe èyí tó ń tan àwọ̀ aró, tó sì jẹ́ kí LED funfun ṣeé ṣe. Iṣẹ́ náà ló mú ẹ̀bùn Nobel bá wọn ní 2014. Ní 2007, Lexus LS 600h ti di ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde fún títà tó ń fi LED ṣe iná rírẹ̀lẹ̀ iwájú rẹ̀. Kì í gba iná púpọ̀, ó ń pẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ ti ọ̀sán. Ta ni yóò rí èyí tí kò ní fẹ́ ẹ?

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí. Ní 2016, IIHS, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ń náwó sí, dán iná iwájú irú ọkọ̀ 31 wò lóru. Ẹyọ kan ṣoṣo ló gba àmì pé ó dára, ìyẹn Toyota Prius v tó ní LED àti ẹ̀rọ tó ń rẹ iná gíga sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Prius v kan náà tó ní halogen gba àmì tó burú jù. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n nínú àyẹ̀wò yìí kan náà, Honda Accord tó ní halogen lásán borí Accord tó ní LED. Orúkọ tó wà lára páálí gílóòbù kọ́ ló ń pinnu ohun tí awakọ̀ yóò rí, bí kò ṣe bí a ti to gbogbo iná náà pọ̀ àti ibi tí a kọjú rẹ̀ sí.

Ilé tí gílóòbù ń gbé ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Okùn méjì ló wà nínú H4, ọ̀kan fún iná gíga, ọ̀kan fún iná rírẹ̀lẹ̀. Abẹ́ okùn iná rírẹ̀lẹ̀ ni ìbòrí irin kékeré kan wà tó rí bí ṣíbí, òun ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fò sókè. Àwo dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a fi ìṣirò ṣe, kí ó lè gba ìmọ́lẹ̀ láti ojú ibi kan pàtó, kí ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá yẹ̀ níwọ̀n mìlímítà kan péré, gbogbo ètò náà ti dàrú. Gílóòbù LED tí à ń rà ní Gate ní Ìbàdàn tàbí ní Ládìípọ̀ ní Èkó kò ní okùn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì irin kan ni a lẹ èérún rẹ̀ mọ́, irin náà sì nípọn ju okùn lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó balẹ̀ yóò fọ́n káàkiri. Awakọ̀ yóò rí i tí iwájú rẹ̀ funfun, tí ìmọ́lẹ̀ ń dé orí igi igbá lẹ́bàá ọ̀nà, yóò ní òun ti ra ohun rere. Kí ni a wá dé orí igi igbá lóru? Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù nítòsí tilẹ̀ máa ń mú kí ojú awakọ̀ náà fún pọ̀, kò sì ní rí ọ̀kánkán dáadáa mọ́.

Eruku náà tún ńkọ́? Ẹ̀yìn gílóòbù LED ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde, fáànù wẹ́wẹ́ kan ló sì sábà ń fẹ́ ẹ. Eruku Òkè-Ògùn nígbà ọyẹ́ kò mọ fáànù ní ọ̀rẹ́. Bí ó bá dúró, ìmọ́lẹ̀ yóò máa dín kù, èérún yóò sì jóná kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ẹ wá wo ẹni tó ń bọ̀ láti iwájú. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fọ́ awakọ̀ rẹ̀ lójú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti fi ojú fífọ́ rin mítà 66. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé mítà 53 ni ọkọ̀ tó wà lórí eré yìí nílò kó tó lè dúró, èyí sì jẹ́ lórí ọ̀nà gbígbẹ pẹ̀lú bíréèkì tó dá múṣémúṣé. Ojú àgbà tún ní tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń wọ ojú ọmọ ogún ọdún lọ, ó sì máa ń pẹ́ kí ojú náà tó là padà.

Ta ni ó wà nínú òkùnkùn tí awakọ̀ náà ń wọ̀ lọ? Àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí kò níná ni. Màlúù tó ń sọdá ni. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kú sójú ọ̀nà ni, tí dírẹ́bà rẹ̀ kò ní àmì ìkìlọ̀ ju ewé tútù tó já sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ lọ. Ewé kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, ìròyìn ìjàm̀bá òru tó gba ọwọ́ mi kọjá kò níye. Eré àsápajúdé ni a sábà máa ń bá nínú rẹ̀, tàbí àìbìkítà awakọ̀. N kò rántí èyí kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé iná ọkọ̀ ẹlòmíràn ló fọ́ awakọ̀ náà lójú. Iná tó fọ́ni lójú kì í dúró de ọlọ́pàá. Ó ti kọjá lọ, ẹni tó ni ín kò sì mọ̀ pé òun fi òkú sẹ́yìn.

Ọ̀ràn kan wà tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ LED tàbí ti halogen. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi wíwa ọkọ̀ lápá òsì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Iná rírẹ̀lẹ̀ kì í tàn dọ́gba. A máa ga díẹ̀ ní apá etí ọ̀nà, kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan wá, apá òsì ni tirẹ̀ ga sí. Wọ́n lè ti yí ìdarí ọkọ̀ náà padà fún wa, ṣùgbọ́n ta ló rántí iná? Ojú ẹni tó ń bọ̀ gan-an ni apá tó ga náà ń wò. Ẹrù pẹ̀lú ń dá kún un. Micra tó kó èrò tó sì di àpò gàrí sí búùtù, ìdí rẹ̀ a lọ sílẹ̀, imú rẹ̀ a gbé sókè, iná rẹ̀ a máa wo ojú ọ̀run. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ fún Yúróòpù mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi bọ́tìnnì kékeré kan sí tòsí ìdarí, tí wọ́n kọ 0, 1, 2, 3 sí, kí awakọ̀ lè fi rẹ iná sílẹ̀ bí ẹrù bá wúwo. Ẹ bi dírẹ́bà mẹ́wàá léèrè ohun tí bọ́tìnnì náà wà fún. Inú mi yóò dùn bí méjì bá mọ̀ ọ́n.

Àwọn ènìyàn ní halogen kì í tàn tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, gílóòbù kọ́ ló jẹ̀bi. Rọ́bà tó bo iná ni oòrùn ti sun, tó ti pọ́n, tó sì ti ṣú. Ní 2018, AAA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní Amẹ́ríkà, yẹ iná ọkọ̀ tó ti lo nǹkan bí ọdún 11 wò, wọ́n sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nínú irú iná bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ti tuntun lọ. Mélòó nínú ọkọ̀ wa ni kò tíì tó ọdún 11? Sáńpépà wẹ́wẹ́, omi àti ọ̀dà ìdáàbòbò ni yóò tún rọ́bà náà ṣe. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń fi pa á náà a máa ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í pẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kìíní 2021, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti oṣù Kẹrin 1986 síwájú, tí wọ́n bá ti yí ilé iná halogen rẹ̀ padà sí ti LED, kì í yege nínú àyẹ̀wò MOT. Jámánì rọra dẹ okùn díẹ̀. Láti 2020, wọ́n fọwọ́ sí àwọn gílóòbù LED kan, ṣùgbọ́n fún irú ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò nínú rẹ̀, tí wọ́n sì dárúkọ, nìkan ni. Ní tiwa, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ni òfin.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní àwọn ajínigbé wà nínú igbó, awakọ̀ sì ní láti ríran jìnnà. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ìbẹ̀rù ọ̀lẹ, n kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n iná gíga ni a ṣe fún ìyẹn, halogen sì ní in. Ẹ tàn án nígbà tí ọ̀nà bá ṣófo, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹ bá rí ọkọ̀ lókèèrè. LED tó wà nínú ilé halogen kò ní iná rírẹ̀lẹ̀ tòótọ́. Bí ẹ tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ojú ẹlòmíràn ló ṣì ń wò. Àwọn ọlọ́kadà nìkan ni mo fẹ́ dá sí díẹ̀, nítorí iná tó bá ọ̀pọ̀ alùpùpù wá kò lágbára. LED kékeré kan tó dojú kọ ilẹ̀ lè gba ẹ̀mí là níbẹ̀, bí kò bá jẹ́ irú èyí tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì.

Ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé parí, ti mú kí ìrìn yá. Eré sì ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ iná iwájú ọkọ̀ kò tíì di ohun tí ẹnikẹ́ni ń yẹ̀ wò. Kò yẹ kí a dúró de Àbújá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ ní 1977, ọdún mọ́kànlá kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ VIO lè bẹ̀rẹ̀ láti gáréèjì, kí wọ́n máa yọ gílóòbù tí kò bá ilé iná mu, dípò kí wọ́n kàn máa bèèrè ìwé.

Ọ̀dà àti ògiri ni ìyókù gbà. Kí àwọn alákòóso gáréèjì Ìsẹ́yìn fa ìlà gbọọrọ sára ògiri, kí wọ́n sì fa òmíràn sílẹ̀ ní mítà 10 sí ògiri náà. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìpàpó, Ọ̀tù tàbí Ṣakí dúró síbẹ̀ pẹ̀lú èrò àti ẹrù rẹ̀, kí ó tan iná rírẹ̀lẹ̀. Orí ìmọ́lẹ̀ náà lára ògiri gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju ibi tí iná wà lára ọkọ̀ lọ. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pe riwáyà kó wá fi tọnafíìsì yí i wálẹ̀ kí ọkọ̀ tó jáde.