Ojú Kọ́ La Fi Ń Mọ HIV



Nígbà tí Fẹlá kú lọ́dún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, jáde sọ pé éèdì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà. Títí dòní, a ṣì ń gbọ́ ọ nísọ̀: "Ara mi le koko, àyẹ̀wò kí ni mo fẹ́ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn léwu. Ara wa ní ọlọ́dẹ tiẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, T cell làwọn dókítà ń pè wọ́n. Èyí tó ń jẹ́ CD4 ló ń fọn fèrè pe àwọn yòókù sógun. Inú CD4 yìí gan-an ni HIV ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń bímọ. Ara á máa jà, á máa fi tuntun rọ́pò èyí tó kú, ó lè tó ọdún mẹ́wàá láìsí àmì. Ọjọ́ tí CD4 ò bá tó 200 mọ́ nínú ìwọ̀n tí dókítà ń kà, ó ti di éèdì nìyẹn. Ikọ́ fée àti àrùn mìíràn á ráyè wọlé.

Oògùn ń dá ọmọ bíbí kòkòrò náà dúró, ṣùgbọ́n díẹ̀ á ṣì sá pamọ́. Ẹni tó bá pa oògùn tì, wọ́n á tún jí. Ẹni tó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà mọ́, kì í kó o ran ọkọ tàbí aya.

Èrò tiwa ni pé ká lọ ṣàyẹ̀wò nígbà tára ṣì le. Ká má sì sá fún ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Òfin ọdún 2014 kọ̀ ọ́. Ọjà kì í tú mọ́ olóògùn lórí.