Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ

Bí ìjọba bá ti ní ìwà ọ̀daràn dín kù, ẹ má tètè pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé, kí ni wọ́n kà, kí ni wọn ò kà?

Lọ́dún 2014, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò ní England àti Wales sọ pé nínú ìwà ọ̀daràn márùn-ún táwọn èèyàn fi sùn, bí ọ̀kan ni ọlọ́pàá ò kọ sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba òǹtẹ̀ 'ó ṣeé gbára lé' kúrò lára ìṣirò ọlọ́pàá.

Ẹ wo Barking tiwa. Láàárín 2014 sí 2015, Stephen Port pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret's tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti rí òkú mẹ́ta. Àwọn ẹbí pariwo títí, ọlọ́pàá ò kà á sí ìpànìyàn. Ní December 2021, àwọn júrì ní ó jọ pé àṣìṣe ọlọ́pàá wà lára ohun tó fa ikú àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ikú tí wọn ò bá pè ní ìpànìyàn, ṣé ó lè wọ inú iye ìpànìyàn?

Àwa náà ńkọ́? Wọ́n á já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ wa, a ó ní "mo fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fẹjọ́ sùn, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀. Ohun tá ò bá sọ, wọn ò ní kà á.