Orin Ofege: Ta ló ń jẹ èrè rẹ̀?
Ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College, Èkó, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ofege nígbà tí EMI, tí ilé ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ wà ní Wharf Road, Àpápá, gbé àwo orin rọ́ọ̀kì wọn, 'Try and Love', jáde lọ́dún 1973. Melvin Ukachi ló ń kọrin. Lọ́dún yẹn kan náà ni Paul McCartney wá láti ìlú Ọba, tó lo ibẹ̀ fún àwo tirẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn òyìnbó tún àwo Ofege tẹ̀ lókè òkun. Bẹ́ẹ̀, lábẹ́ òfin 2022, ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò ju ọdún 50 lọ. Àmọ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin gan-an ṣì wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà, kí olórin tọ́jú ìwé àdéhùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwo àtijọ́ nínú àpótí, ẹ má sọ ọ́ nù.